Ẹyẹlé Oníṣúgà

Kí o tó kọ ohunkóhun, ọmọ mi, kọ́kọ́ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹni tó bá kà á má bínú sí mi. Orí mi ti ń jò bí òrùlé àtijọ́. Mo lè rántí aṣọ tí ẹnì kan wọ̀, kí n má rántí ojú ẹni náà. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí mo tún padà sórí ẹ̀, jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Má bá mi tún un ṣe. Ìwọ lo lọ sílé ìwé, èmi ò lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí, tèmi ni.

O bi mí nípa agolo tó wà ní àjà. O ní kí ló dé tí mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹyẹ. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti wà ní kékeré ni mo ti ń sá fún ìbéèrè yẹn. Bàbá rẹ ò bi mí rí, ó mọ̀ pé mi ò ní dáhùn. Ìwọ ò mọ̀, o wá bi mí. Ó dáa.

Òun la fi ń gé bísíkíìtì. Ìyá bàbá rẹ ló ń yan bísíkíìtì ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá o. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ pò nílé ni, tí wọ́n gé ní oríṣiríṣi, tí wọ́n wá fi ṣúgà kùn lójú. Nílùú Ṣakí níbí, nígbà yẹn, mi ò mọ ilé mìíràn tí wọ́n ti ń ṣe é láàárín àwa Mùsùlùmí.

Ibi tó ti kọ́ ọ nìyí. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, tíṣà kan wá gba yàrá iwájú ilé wa. Kìrìsìtẹ́nì ni òun àti ìyàwó ẹ̀, ará ọ̀nà Ìbàdàn. Nígbà tí Kérésìmesì dé, obìnrin yẹn po fúláwà, ó fi ìgò tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó fi ọ̀bẹ gé e bí ìràwọ̀. Ìyá bàbá rẹ dúró tì í láti àárọ̀ títí ó fi yan án tán. Kò bi í ní nǹkan kan. Nígbà tó wọlé wá bá mi, ó ní, "Wọ́n ń ṣe ti Kérésì. Àwa náà á máa ṣe ti Ìtúnu."

Mo ní, "Ìwọ tí o ò lè gé iṣu kó dọ́gba."

Ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ máa gé e. Tèmi ni kí n yan án."

Bí mo ṣe di alágolo nìyẹn. Àgbẹ̀ ni mí, iṣu àti àgbàdo ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ya agolo mílíìkì ní tẹ́ẹ́rẹ́, mo ká etí ẹ̀ kan sẹ́yìn kó má baà máa gé e lọ́wọ́, mo wá ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àgbò ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe. Ó gbé e sókè, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ajá wo lẹ fẹ́ fi ṣọdún?"

"Àgbò ni."

"Ìwo ẹ̀ dà?"

"Kò tíì hù."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ajá yẹn la lò lọ́dún yẹn. Lẹ́yìn náà ọwọ́ mi mọ́ ọn.

Ilé wa ò ní ààrò búrẹ́dì. Ìkòkò irin ńlá tí wọ́n fi ń se ẹran nígbà ìnáwó ló lò. Ó máa ń da yanrìn odò sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, á gbé e kaná kí yanrìn náà gbóná, á to bísíkíìtì sórí páànù, á gbé páànù náà lé òkúta lórí yanrìn yẹn, á wá fi ọmọrí dé e. Á kó ẹyin iná lé orí ọmọrí. Iná lókè, iná nísàlẹ̀. Kò ní aago. Imú ló fi ń mọ̀ ọ́n. Á jókòó, á kọ ẹ̀yìn sí ìkòkò, á máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ ọjà, lójijì á ní, "Ó tó," á dìde. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó tó náà ni.

Ṣúgà, inú odó kékeré ló ti ń gún un títí á fi kúnná bí èlùbọ́. Á lu funfun ẹyin mọ́ ọn. Ìyẹn ni àwọ̀ funfun. Bó bá fẹ́ pupa, á rẹ pòròpòrò ọkà bàbà sínú omi, irú èyí tí àwọn Fúlàní fi ń ṣe wàrà pupa, á fi omi ẹ̀ pò ó. Bó bá fẹ́ àwọ̀ ìyeyè, á lọ ata ilẹ̀ pupa. Ìyẹ́ adìẹ ló fi ń kùn ún. Etí ìyẹ́ yẹn ló fi ń tẹ́ funfun sílẹ̀, ìdí ẹ̀ tó mú ṣóńṣó ló fi ń fa ìlà, tó fi ń to ojú sí i. Mo ti rí i tó fi ojú kan ṣòfò nítorí pé ojú náà tóbi ju èkejì lọ. Ó fi ahọ́n lá a kúrò, ó tún un to.

Ìyàwó àbúrò mi kan wà tí kò lè dákẹ́. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyálé mi, ẹyẹlé tí ẹ lé tìróò fún yìí, ọkọ wo lẹ fẹ́ fún?"

Ìyá bàbá rẹ ò gbójú sókè. Ó ní, "Ọkọ tó bá ní eyín."

Nítorí bísíkíìtì ẹ̀ máa ń le. Mo gbà pé ó máa ń le.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ nínú ilé wa. Òun ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ehoro ni ti bàbá rẹ, nítorí kò lè jókòó síbì kan. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó jẹ́ obìnrin, èyí tí o ò mọ̀, ẹyẹlé ló mú. Ó ní ẹyẹlé lòun fẹ́ torí pé bí wọ́n bá gbé e lọ síbi tó jìnnà, ó ń mọ ọ̀nà ilé. Ọmọdé ló sọ ọ́. Mi ò fi ọkàn sí i.

Òfin ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ ti ẹlòmíì. Bí ọmọ kan bá wà lẹ́yìn odi lọ́jọ́ ọdún, inú agolo ńlá tí a ń kó bísíkíìtì sí ni tirẹ̀ máa wà títí á fi dé. Òfin mìíràn tún wà. Kò gbọdọ̀ kan iná kí oṣù tó yọ. Ìyá bàbá rẹ ní bí èèyàn bá yan oúnjẹ ọdún kí oṣù tó yọ, ó ti ṣáájú Ọlọ́run. Ó lè pò ó sílẹ̀, ó lè gún ṣúgà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gbé e kaná. Á jáde lọ wo ojú ọ̀run bíi ti gbogbo èèyàn. Bí wọ́n bá ti pariwo pé àwọn rí i, á sáré wọlé lọ fẹ́ iná.

Ṣé o ń kọ ọ́? Mò ń yára jù? Ó dáa.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ dàgbà, ó lọ́kọ. Ọkùnrin tó ń ná ọjà Ṣakí ni, ó ń ta iyọ̀ àti aṣọ, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀ wà ní òdìkejì bodè. Yorùbá ni wọ́n lọ́hùn-ún, Mùsùlùmí bíi tiwa, oúnjẹ kan náà la jọ ń jẹ. Bodè yẹn, òyìnbó ló fà á gba àárín oko àwọn èèyàn. Èmi ò rí i gẹ́gẹ́ bí ibi tó jìnnà. Ọdọọdún ló máa ń wálé. Ó máa ń dé lọ́jọ́ kejì ọdún, lẹ́yìn tó bá ti se oúnjẹ ọdún fún àwọn ará ilé ọkọ. Á wọlé, á kúnlẹ̀, kò ní tíì béèrè àlàáfíà wa tán tí ojú ẹ̀ á ti wà lára agolo. Ìdí ẹyẹlé náà ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Orí ló ń jẹ kẹ́yìn. Ìyá ẹ̀ bi í pé èwo ni tìdí. Ó ní, "Kó lè máa rí ibi tó ń lọ ni."

Ó bí ọmọ kan lọ́hùn-ún. Ọmọ náà ò dúró. Òun fúnra ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ.

Ìgbà tó tún lóyún ni àwọn ṣọ́jà gba ìjọba, wọ́n ti bodè pa. Wọ́n ní nítorí àwọn onífàyàwọ́ ni. Ọ̀nà tí ọmọ mi fi ń wálé di ohun tí wọ́n fi ìbọn ṣọ́. Àwọn èèyàn ṣì ń gba inú igbó, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá mú, ojú ẹ̀ á rí nǹkan.

Inú ààwẹ̀ ni ọkùnrin kan tó máa ń ra iṣu lọ́wọ́ mi jẹ́ iṣẹ́ fún wa. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ó ní, "Ọmọ yín ní kí n sọ fún yín pé òun ò fẹ́ bí èyí lọ́hùn-ún."

Ìyá bàbá rẹ ní, "Ìyá ọkọ ẹ̀ ń kọ́?"

Ó ní, "Ìyá ọkọ ò fẹ́. Ó ní ọmọ àwọn ò ní í wá délé ayé nílé àna. Ṣùgbọ́n ọkọ ti gbà. Àbúrò ọkọ á sìn ín wá dé ìdí igi òrí ńlá tó wà lẹ́bàá odò, níbi tí àwọn Fúlàní ti ń fún màlúù lómi. Lọ́jọ́ kejì Ìtúnu. Ó ní ọdún á ṣì wà lára àwọn ṣọ́jà, ojú wọn ò ní múná tó bẹ́ẹ̀. Kí bàbá òun wá pàdé òun níbẹ̀."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kejì Ìtúnu. Gbogbo wa ló mọ ọjọ́ kejì Ìtúnu.

Láti ọjọ́ yẹn, ìyá bàbá rẹ ò jókòó mọ́. Ó ti bá agbẹ̀bí tó wà ládùúgbò sọ̀rọ̀. Ó ti rẹ́ yàrá ẹ̀yìn. Fúláwà ti ṣọ̀wọ́n torí bodè tí wọ́n tì, ó lọ àgbàdo kúnná láti fi lú u. Ó wá bá mi lábẹ́ igi níbi tí mo ti ń pọ́n ọkọ́, ó ní, "Ẹ gé ẹyẹlé kékeré kan."

Mo ní, "Ọmọ ò tíì dé."

Ó ní, "Bó bá dé, ṣé òun ni á gé e fúnra ẹ̀?"

Mo gé e. Agolo náà kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Èyí tí o bá ní àjà nìyẹn. Èyí tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, mi ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó yẹ ká rí oṣù, ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀. Àkókò òjò ni. A dúró lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, àgbà àtọmọdé, a na ọrùn. Kò sí ìràwọ̀ kan, ká má tíì sọ oṣù. Ẹnì kan ní òun gbọ́ ọ nínú rédíò pé wọ́n ti rí i nílẹ̀ Haúsá. Àwọn ọ̀dọ́ ní ó parí, ọ̀la lọdún. Lèmọ́mù wa, àgbàlagbà tí kì í pariwo, ní, "Ojú lèmi fi ń rí oṣù. Mi ò fi etí rí i rí." Ààwẹ̀ wá di ọgbọ̀n.

Kò burú. A ti gbààwẹ̀ ọgbọ̀n rí. Inú mi ò bàjẹ́ rárá, àfi ti ìyá bàbá rẹ tó ti po fúláwà sílẹ̀, tó ti fẹyin lù ú, tó ti fi bọ́tà sí i. Nígbà tí mo wọlé, ó jókòó tì í.

Mo ní, "Yan án. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ó ní, "Oṣù ò tíì yọ."

"Á bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́."

"Kó bàjẹ́."

Ó fi aṣọ tútù bò ó, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù níbi tó tutù. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ti kan díẹ̀. Mo rí i tó ń gbóòórùn ẹ̀. Ó da ṣúgà sí i, ó tún un pò, ó gé e, ó yan án. Ẹyẹlé ńlá kan, ẹyẹlé kékeré kan, ehoro, àgbò tó ti níwo. Ó kùn wọ́n títí ojú ẹ̀ fi rẹ̀. Nígbà tó kan ẹyẹlé ńlá, ó fa ìlà ìyẹ́ apá ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ní pupa. Mi ò rí i kó kùn ún tó bẹ́ẹ̀ rí.

A kírun ọdún. A jẹ, a mu. Mo ń rẹ́rìn-ín kiri ojúlé. Gbogbo ọjọ́ yẹn, kò sí nǹkan kan tó ṣe mí. Ẹ̀mí mi ò sọ fún mi. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ara àwọn ti sọ fún àwọn. Tèmi ò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì ọdún, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, mo gbé kẹ̀kẹ́ mi. Mo di ẹní àti ògbólógbòó aṣọ mọ́ ibi tí wọ́n ń gbẹ́rù sí lẹ́yìn, kí ibẹ̀ lè tu olóyún lára. Ìyá bàbá rẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ó tún fi ìró ara ẹ̀ kan lé e. Ó gbé agolo bísíkíìtì fún mi. Ó ní, "Ẹ fún un lójú ọ̀nà. Ebi á ti máa pa á."

Oòrùn ti gòkè nígbà tí mo dé ìdí igi òrí. Kò séèyàn. Mo ní wọ́n ń bọ̀. Mo fi kẹ̀kẹ́ ti igi, mo jókòó. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ màlúù, mo dìde. Ìyá Fúlàní kan ló ń bọ̀ pẹ̀lú igbá wàrà lórí. Ó wò mí, ó wo kẹ̀kẹ́.

Ó ní, "Bàbá, ọmọ lẹ ń dúró dè?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Ó wá lánàá. Ikùn ẹ̀ tóbi. Ibi tí ẹ jókòó yẹn náà ló jókòó."

Mo ní, "Lánàá kẹ̀? Ọjọ́ kejì ọdún la fi sí."

Ó ní, "Àná lọjọ́ kejì wọn. Wọ́n ti kírun tiwọn níjẹta. Wọ́n rí oṣù lọ́hùn-ún."

Ọmọ mi, mi ò lè sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí. Ibi tí ó ti wá kò jìnnà. Òjò tó rọ̀ sí wa lórí ń rọ̀ sí wọn lórí. Kò sí ẹnì kan nínú wa, èmi, ìyá bàbá rẹ, ọkùnrin oníṣu, àní ọmọ náà fúnra ẹ̀, tó ronú pé ọdún wọn lè yàtọ̀ sí tiwa. Ọdún ni ọdún. Èyí tó o bá ń ṣe, o rò pé òun ni gbogbo ayé ń ṣe. Ní gbogbo ìgbà tí mò ń kí àwọn èèyàn kú ọdún, tí mò ń jẹran, abẹ́ igi yẹn ni ọmọ mi wà.

Mo bi ìyá Fúlàní yẹn pé ṣé ó sunkún.

Ó ní, "Kò sunkún. Ó ń wo ọ̀nà."

Ó ní nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, ọmọ mi fẹ́ máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ ní Ṣakí. Àbúrò ọkọ ẹ̀ ò gbà. Ó ní ìyá òun ò rán òun pé kóun lọ sọ olóyún nù sínú igbó. Wọ́n padà. Ó na aṣọ kékeré kan tí wọ́n so ní kókó sí mi. "Ó ní bí bàbá kan bá gun kẹ̀kẹ́ dé, kí n fún un." Mo tú u. Ṣúgà ni, èyí tó rí bí òkúta kéékèèké tí wọ́n ń tà lọ́hùn-ún, tó funfun ju tiwa lọ. Ìyá ẹ̀ ló mú un bọ̀ fún, kó lè fi kùn bísíkíìtì.

Mo fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún ìyá Fúlàní. Mo wọ́ odò kọjá, omi dé ìdí mi, agolo wà lórí mi. Mo rò pé bóyá mo lè dé ilé ọkọ ẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Mi ò tíì rìn jìnnà tí àwọn ṣọ́jà fi jáde sí mi. Yorùbá lọ̀kan nínú wọn, ọmọdé ni, kò ju bàbá rẹ ìsinsìnyí lọ, kò tó o.

Ó ní, "Bàbá, níbo?"

"Ọmọ mi ló wà lọ́hùn-ún."

"Gbogbo onífàyàwọ́ ló lọ́mọ lọ́hùn-ún. Kí ló wà nínú agolo?"

"Bísíkíìtì."

Ó wo ẹnì kejì ẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́. Bàbá oníbísíkíìtì." Ó ṣí i. Ó mú ẹyẹlé ńlá yẹn jáde, ó gbé e sójú oòrùn. "Ẹyẹ nìyí?"

"Ẹyẹlé ni."

"Ta ló ṣe é?"

"Ìyá ẹ̀."

Orí ẹ̀ ló kọ́kọ́ gé jẹ. Ó jẹ ẹ́ lẹ́nu wò. Ó ní, "Ó kan díẹ̀." Ó tún gé e jẹ. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ó dùn," ó wá fa ìyókù lé àwọn tó kù lọ́wọ́.

Wọn ò nà mí. Kọ ìyẹn síbẹ̀. Wọn ò nà mí, wọn ò sì gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí n jókòó sílẹ̀, mo jókòó. Mo bẹ̀ wọ́n díẹ̀. Mi ò mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀, gbogbo ìgbésí ayé mi ni mi ò fi mọ̀ ọ́n. Bóyá ká ní ẹlòmíì ni, tó lè wólẹ̀, tó lè ké, wọn ì bá ti jẹ́ kó lọ. Èmi kàn ń sọ pé, "Ó lóyún ni." Wọ́n ní, "A ti gbọ́, Bàbá." Nígbà tí òjò ṣú, wọ́n ní kí n padà síbi tí mo ti wá kí odò tó kún.

Odò kún lẹ́yìn mi. Ìyá Fúlàní ní àwọn máa da màlúù lọ sí ọ̀nà mìíràn bílẹ̀ bá mọ́, kò lè bá mi jẹ́ iṣẹ́. Mo gbé kẹ̀kẹ́ mi, mo ń bọ̀ nílé. Aṣọ tí mo dì mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ ti mu omi, ó wúwo bí ẹni pé èèyàn jókòó síbẹ̀.

Ìyá bàbá rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kó tó wo ojú mi.

Ó ní, "Kò wá?"

Mo ní, "Ó wá. Àná ló wá. Ọdún tiwọn ti ṣáájú tiwa."

Mo gbé ṣúgà fún un. Mo gbé agolo fún un. Ẹyẹlé kékeré ló kù nísàlẹ̀ ẹ̀, àwọn ṣọ́jà ò rí i tàbí wọn ò kà á sí. Ó di agolo náà padà. Ó ní, "Ká ní mo yan án lọ́jọ́ tí ẹ ní kí n yan án."

Mo ní, "Bísíkíìtì kọ́ ló ń pe oṣù."

Mi ò rò pé ó gbà mí gbọ́ títí ó fi kú.

Mo tún lọ sábẹ́ igi yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Kò séèyàn, kò sí màlúù. Odò ò ṣe é wọ́.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ọkùnrin oníṣu yẹn wá. Ó ṣí fìlà kó tó jókòó. Mo mọ̀ nígbà yẹn. Ó ní ọmọ inú ẹ̀ fi ẹsẹ̀ wáyé. Ó ní ọmọ ò dúró, ìyá ò dúró. Wọ́n ti sin wọ́n. Ìyá bàbá rẹ wà nínú ilé ìdáná, kò jáde. Mo rò pé kò gbọ́. Ó gbọ́.

Má béèrè lọ́wọ́ mi ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Mi ò rántí, bí mo bá sì rántí, mi ò ní sọ.

Nígbà tí wọ́n wá ṣí bodè, mo lọ. Ọkọ ẹ̀ ti kó lọ sí Kútọnu. Ìyá ọkọ ti kú. Wọ́n mú mi dé ibi tí wọ́n ń sìnkú sí, ẹnì kan ní ọ̀tún ni sàréè ẹ̀ wà, ẹnì kan ní òsì ni. Igbó ti bo gbogbo ẹ̀. Mo dúró sáàárín, mo ṣe àdúà, mo bọ̀.

Òfin ilé wa ni pé ti ẹni tí kò sí nílé á wà nínú agolo títí á fi dé. Ìyá bàbá rẹ ò yí i padà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí oṣù yọ, ó gé ẹyẹlé ńlá kan, ó kùn ún, ó gbé e sínú agolo. Bó bá di ọdún mìíràn, á da ti àtijọ́ nù, èyí tí kòkòrò ti sọ di ìyẹ̀fun, á fi tuntun sí i. Mi ò sọ pé kó má ṣe é. Àwọn ọmọ ò bi í. Ìyàwó àbúrò mi ẹlẹ́nu yẹn náà, tó bá ti rí agolo, á yíjú. Ṣúgà tí ọmọ fi ránṣẹ́, kò gún un. Inú aṣọ ẹ̀ ló fi í sílẹ̀ sí bó ṣe wà.

Ẹyẹlé kékeré, mi ò mọ ohun tó fi ṣe. Mi ò bi í.

Ìgbà tó yá, ìjọba tún ní kí fúláwà má wọlé mọ́. Ó fi láfún gbìyànjú ẹ̀. Láfún kì í so mọ́ra. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ gbé ẹyẹlé yẹn kúrò lórí páànù, ọrùn ẹ̀ ló ń kán. Ó ṣe é, ó kán. Ó tún un ṣe, ó kán. Lọ́jọ́ kan ó jókòó sídìí ìkòkò, ó kọ ẹ̀yìn sí i bó ṣe máa ń ṣe, iná wà lókè, iná wà nísàlẹ̀. Ó ní, "Ó tó." Ṣùgbọ́n kò dìde. Ó jẹ́ kó jóná. Bó ṣe parí nìyẹn. Kò yan bísíkíìtì mọ́ nílé yìí.

Nígbà tó kú, èmi àti bàbá rẹ ṣí àpótí ẹ̀. A bá aṣọ kékeré yẹn. Ṣúgà ti yọ́, ó ti di mọ́ òwú aṣọ, a ò lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Àwọn èèyàn á fẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí kọ́. Mi ò rí nǹkan kan kọ́. Lèmọ́mù ò ṣẹ̀. Àwọn tó rí oṣù lọ́hùn-ún ò ṣẹ̀. Mo ti gbé e síwá, mo ti gbé e sẹ́yìn, ibi tí mo bá a náà ló wà. Mo ń gbààwẹ̀, mò ń kírun. Bí wọ́n bá pariwo pé wọ́n rí oṣù, mi kì í jáde lọ wò ó.

O ní o fẹ́ mú agolo yẹn lọ, kí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ fi gé nǹkan. Etí ẹ̀ ti dípẹtà, á gé ọ lọ́wọ́. Dá a padà sí àjà.

Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyí. Wá sí apá ọ̀tún mi, etí yẹn ló kù. Kà á fún mi. Kà á sókè, kí n gbọ́.